Orí Kẹrin: Wákàtí Ni Kí Ẹ Kà, Ẹ Má Ka Gílóòbù

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí gílóòbù tuntun, ẹ kọ́kọ́ lọ wo mítà yín. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ óò rí i tí wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ iná náà, tàbí 1600, tàbí iye mìíràn. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé tí iná kékeré yẹn bá ti ṣẹ́jú nígbà 1000, yúníìtì kan ti kúrò nínú káàdì tí ẹ rà. Bó bá jẹ́ pé orí òpó ni wọ́n gbé mítà tiyín sí, ẹ fi ọmọ tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa síbẹ̀ kó máa bá yín ṣọ́ ọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA bá mú iná wá, ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé. Ẹ yọ fíríìjì, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ ṣájà fóònù, títí mítà á fi dákẹ́. Kí ẹ wá tan gílóòbù kan péré, irú ti ayé àtijọ́ tí a ń pè ní yẹ́lò, tó jẹ́ 60 wáàtì. Lójú mítà oní-1000, iná pupa yẹn á máa ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi LED oní-9 wáàtì rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá máa ka àkókò. Ìṣẹ́jú kan á kọjá, èkejì á kọjá, á lé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà láàárín ìgbà tí iná pupa náà bá ṣẹ́ àti ìgbà tí yóò tún ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ inú yàrá kò dín kù. Mo fẹ́ kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà, rí èyí fúnra wọn, torí ẹni tó bá ti fojú rí i kò tún ní bá yín jiyàn mọ́ tí ẹ bá ní kó lọ pa iná ẹ̀yìnkùlé.

Ibi tí owó náà ń gbà lọ

Wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi irin tungsten ṣe ló wà nínú gílóòbù yẹ́lò. Iná máa ń gba inú wáyà náà kọjá, á gbóná, á gbóná títí á fi máa tàn yòò. Nínú gbogbo iná tó ń jẹ, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó ń di ooru; ìwọ̀nba tó kù ló ń di ìmọ́lẹ̀. Ní ìlú tí a ti ń wá afẹ́fẹ́ láti òwúrọ̀ títí di òru, a ń sanwó kí yàrá lè gbóná, a tún wá ń sanwó fáànù tí yóò fẹ́ ooru náà kúrò.

LED kò ní wáyà tó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Ẹyọ èròjà kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tí iná bá ti gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni Nick Holonyak kọ́kọ́ rí gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó rí búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣe. Láìsí búlúù, kò sí funfun tí ènìyàn lè fi kàwé tàbí fi ṣa ìrẹsì. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n bí ní Japan, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2014. Iṣẹ́ wọn ló wà nínú gílóòbù tí ẹ ń rà lọ́wọ́ oníwáyà lóríta.

Láàárín yẹ́lò àti LED ni èyí tí a mọ̀ sí ẹ́nájì wà, gílóòbù funfun tó lọ́ pọ̀ yẹn. Ó gbajúmọ̀ gan-an nígbà kan. Ní 2007, nígbà tí ọ̀wọ́n iná mú Ghana, ìjọba wọn ra mílíọ̀nù mẹ́fà irú rẹ̀, wọ́n pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráàlú láti fi rọ́pò yẹ́lò. Ẹ́nájì sàn ju yẹ́lò lọ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó tún lọ ra tuntun rẹ̀ mọ́. LED ń jẹ iná kéré sí i, ó ń tàn lójú ẹsẹ̀, kò sì ní mẹ́kúrì nínú.

Ẹ jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ méjì yìí yàtọ̀ síra. Wáàtì ni ohun tí gílóòbù ń jẹ. Lúmẹ̀n ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fún wa. Yẹ́lò oní-60 wáàtì ń fúnni ní nǹkan bíi 700 sí 800 lúmẹ̀n; ẹ́nájì oní-13 sí 15 wáàtì ń ṣe bẹ́ẹ̀, LED oní-8 sí 10 wáàtì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní yẹ́lò oní-100 wáàtì, LED oní-13 sí 15 ló máa tó o. Ẹni tó ní oní-40, LED oní-5 ti tó. Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má sọ pé “ẹ fún mi ní 60.” Lúmẹ̀n ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì kà á fúnra yín lára páálí.

Èwo ni ká kọ́kọ́ pààrọ̀?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń náwó lásán. Wọ́n á gbọ́ pé LED dára, wọ́n á ra méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi ọ̀kan sí inú sítọ́ọ̀, ọ̀kan sí ilé ìwẹ̀ àlejò, wọ́n á wá fi yẹ́lò oní-100 sílẹ̀ ní fàrándà tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí tí ilẹ̀ fi mọ́. Gílóòbù tó ń tàn pẹ́ jù lọ ló sábà máa ń jẹ owó jù lọ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún 20 wákàtí lójúmọ́, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn, kì í sì í ṣe iye kan náà ni àwọn Band yòókù ń san. Mo máa fi ₦200 ṣírò kó lè rọrùn láti kà lórí. Ẹ̀yin ẹ fi iye tó wà lórí rìsíìtì káàdì yín sí i.

Yúníìtì kan ni 1000 wáàtì fún wákàtí kan. Yẹ́lò oní-100 tó tàn ní fàrándà fún wákàtí 12 lálẹ́ yóò jẹ yúníìtì kan lé díẹ̀, ìyẹn 1.2. Láàárín 30 ọjọ́, ó di yúníìtì 36, ₦7,200, lórí gílóòbù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sábẹ́ rẹ̀. LED oní-13 wáàtì níbẹ̀ kò ní jẹ tó yúníìtì márùn-ún lóṣù, owó rẹ̀ jẹ́ ₦936. Ẹ ti rí ₦6,264 fi pamọ́. Ká ní ₦2,000 lẹ ra LED náà, kò ní pé ọjọ́ mẹ́wàá tí owó yín á fi padà wálé.

Ẹ wá wo gílóòbù inú sítọ́ọ̀. Bí ẹ bá ń tan yẹ́lò oní-60 níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, ₦60 ló ń jẹ lóṣù. LED oní-9 á sọ ọ́ di ₦9. Láti fi ₦51 lóṣù rí ₦2,000 gbà padà, ó máa lé ní ọdún mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí yẹ́lò inú sítọ́ọ̀ jó títí yóò fi kú. Ìgbà tó bá kú ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Báwọn ìyá wa ṣe máa ń ka owó ọjà sórí ìka, ẹ jókòó pẹ̀lú bébà kan. Ẹ kọ gbogbo gílóòbù ilé sílẹ̀, ẹ kọ wáàtì rẹ̀, ẹ kọ iye wákàtí tó ń tàn. Ẹ fi wáàtì ṣe ìlọ́po wákàtí. Èyí tí iye rẹ̀ pọ̀ jù lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, iná ìta, iná pálọ̀ àti iná ilé ìdáná ló máa ń ṣáájú, iná ìta sì sábà máa ń fi àwọn méjì yòókù sílẹ̀ jìnnà. Ní ilé tí wọ́n gbé halogen oní-500 wáàtì sí orí fẹ́ǹsì nítorí olè, kí wọ́n fi ìwé yìí sílẹ̀, kí wọ́n lọ pààrọ̀ ìyẹn lónìí. Wákàtí 12 lálẹ́, oṣù kan, yúníìtì 180 nìyẹn, ₦36,000. LED oní-50 wáàtì tí wọ́n ṣe fún ìta á sọ ọ́ di ₦3,600, olè kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Tó bá jẹ́ pé fulorẹ́sẹ́ǹtì, iná gbọọrọ tó máa ń ṣẹ́jú kó tó tàn, lẹ ní ní ṣọ́ọ̀bù, 36 wáàtì ló sábà máa ń jẹ́, yàtọ̀ sí ohun tí bàlásìtì rẹ̀ ń jẹ lórí ìyẹn. LED gbọọrọ oní-18 wáàtì ló ń gba ipò rẹ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó yọ bàlásìtì náà kúrò, ẹ má kàn ti LED bọ inú rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ó tún yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: gílóòbù kọ́ ló ń jẹ iná jù ní gbogbo ilé. Áyọ́ọ̀nù oní-1000 wáàtì tí ẹ fi lọ aṣọ fún wákàtí kan ti jẹ ohun tí LED oní-9 máa jẹ fún wákàtí 111. Ẹni tó ní ẹ̀rọ amúlétutù méjì tó ń ṣiṣẹ́ lóru, tó wá ń retí pé gílóòbù á gbà á lọ́wọ́ owó iná, ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹni tí ìmọ̀ràn orí yìí wúlò fún jù ni ẹni tó ní yàrá kan tàbí méjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, àti gílóòbù mẹ́rin márùn-ún. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, gílóòbù lè jẹ́ ìdajì owó iná.

Ẹni tí kò ní mítà, àti ilé ojúkojú

Bó bá jẹ́ pé bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń gbé wá fún yín lóṣooṣù, ẹ fi owó LED sápò ná. Iye tí wọ́n fẹ́ kọ ni wọ́n máa kọ, bóyá ẹ tan gílóòbù kan tàbí ogún. Mítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lépa. Kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ padà lọ, kí ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ìgbà tí mítà bá dé ni gílóòbù á bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wálé. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi lè ní kí ẹ pààrọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni bí ẹ bá ní ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀, màá sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ojúkojú le ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lára wa ń gbé. Yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, mítà kan. Tí káàdì bá tán, wọ́n á pín owó tuntun: yàrá kọ̀ọ̀kan á san iye tó bá gílóòbù àti fáànù tó ní mu, tàbí kí wọ́n kàn pín in dọ́gba. Ká ní Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti ra LED méjì oní-9 wáàtì, Bàbá Kúnlé sì ní yẹ́lò méjì oní-60. Wáàtì Ìyá Bọ̀sẹ̀ jẹ́ 18, ti Bàbá Kúnlé jẹ́ 120. Lọ́jọ́ ìpínwó, gílóòbù méjì ni wọ́n kà fún un, gílóòbù méjì náà ni wọ́n kà fún Bàbá Kúnlé. Inú á bí Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Bó bá pẹ́, òun náà á padà sí yẹ́lò, torí kò sí ìdí tó fi yẹ kó ná owó tí ẹlòmíràn á jẹ èrè rẹ̀.

Ìbínú kò lè tún èyí ṣe, àfi kí ilé yí bí wọ́n ṣe ń pín owó padà. Ẹ̀yin alágbà ilé, ẹ pe ìpàdé kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Kí gbogbo yàrá mú gílóòbù wọn wá síta, kí wọ́n ka wáàtì tó wà lórí rẹ̀ sókè. Kí ẹnì kan máa kọ ọ́: wáàtì gílóòbù, wáàtì fáànù, wáàtì tẹlifíṣọ̀n, wáàtì fíríìjì fún ẹni tó bá ní. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí yàrá kọ̀ọ̀kan san ìpín rẹ̀ nínú àpapọ̀ wáàtì. Kò péye tán, torí ẹnì kan ń pẹ́ níta, ẹlòmíràn ń jókòó sílé láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ó dára ju kíka gílóòbù lọ lọ́nà jíjìn, ó sì ní ire kan tí kò sí nínú ètò tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá pààrọ̀ yẹ́lò máa rí i nínú owó tirẹ̀ lóṣù náà gan-an. Tí ẹnì kan bá ní, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ra tiyín?” ẹ mọ̀ pé ètò náà ti ń ṣiṣẹ́.

Iná ọ̀nà àárín àti iná ẹnu géètì, tí gbogbo ilé jọ ń lò, kí gbogbo ilé jọ dáwó ra LED rẹ̀. Òun ló ń tàn pẹ́ jù, òun ló sì yẹ kó ṣáájú.

Rírà lọ́jà

Ní Alábà l'Ékòó àti ní Ògùnpa n'Íbàdàn, ọ̀nà tí LED fi dára àti ọ̀nà tó fi burú wà lórí tábìlì kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí gílóòbù tó ti wà nílé yín: oní-pín-ìnnì ni, tí a ń tì bọ inú tí a sì ń yí díẹ̀, àbí oníṣíkúrù? Méjèèjì ló wà nílẹ̀ wa, kódà nínú ilé kan náà. Ẹ mú èyí tó ti kú dání lọ sí ọjà.

Ẹ ka ohun tó wà lára páálí àti lára gílóòbù fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ wáàtì, lúmẹ̀n àti fọ́ọ̀tì sí i. Ẹ fi wáàtì pín lúmẹ̀n: LED tó dára ní ọjà wa sábà máa ń fúnni ní 80 sí 100 lúmẹ̀n fún wáàtì kan. Tí wọ́n bá kọ 9 wáàtì, tí wọ́n tún kọ 2000 lúmẹ̀n sí i, irọ́ ni wọ́n pa, ẹni tó sì lè pa irọ́ yẹn lè pa òmíràn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 85–265V sí. Iná ọba wa yẹ kó jẹ́ 230, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí ní àdúgbò yín lálẹ́. Gílóòbù yẹ́lò á pọ́n bí ẹyín iná, ẹ́nájì á kọ̀ láti tàn rárá, LED tó ní ààlà fífẹ̀ yìí á ṣì máa tàn bó ṣe ń tàn.

Tí oníṣọ́ọ̀bù bá tan án láti fi dán an wò, ẹ má kàn wo pé ó tàn. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, ẹ dojú rẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó nípọn tó ń rìn lójú fóònù, ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n, ojú yín nìkan ni kò rí i. Irú rẹ̀ kò dára fún ọmọ tó ń kàwé. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. LED tó fúyẹ́ bí ike òfìfo sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n kò fi irin tó máa gbé ooru kúrò sí ọrùn rẹ̀. Ẹ bèèrè gàrántì, kí ẹ sì ní kó kọ déètì sí ìdí gílóòbù náà pẹ̀lú bírò.

Mo ń tẹnu mọ́ ọrùn yẹn torí ibẹ̀ ni LED ti ń kú. Ní 1924, àwọn ilé iṣẹ́ gílóòbù ńláńlá fohùn ṣọ̀kan ní Geneva pé yẹ́lò kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 1000 lọ. Lára páálí LED, wọ́n ń kọ 15,000 sí 25,000. Àwọn ẹyọ tó ń tàn nínú rẹ̀ lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ọrùn rẹ̀, tó ń sọ iná 230 di ìwọ̀nba tí LED lè jẹ, òun ni kò lè pẹ́ bí ooru bá há mọ́ ọn tàbí bí iná bá ṣàdédé pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ má fi LED sínú igbá gíláàsì tó dé pa pátápátá, àyàfi tí páálí bá ní ó ṣeé ṣe. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ pa suwíìṣì. Ìgbà tí iná bá padà dé, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó tan án.

Ní ti àwọ̀, 3000K pọ́n rúsúrúsú bíi yẹ́lò, 6500K funfun gbòò. Iye iná tí wọ́n ń jẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èmi fẹ́ràn funfun ní ilé ìdáná àti níbi ìwé, mo fẹ́ràn rúsúrúsú ní yàrá ìsùn, torí ìmọ́lẹ̀ funfun máa ń lé oorun lójú.

Ínfátà àti jẹnẹrétọ̀

Bátìrì ínfátà kan tó jẹ́ fọ́ọ̀tì 12, 200Ah, gba 2400 wáàtì fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ló yẹ kí ẹ máa lò kó lè pẹ́. Yẹ́lò mẹ́jọ oní-60 jẹ́ 480 wáàtì. Wọ́n á jẹ ìdajì yẹn tán láàárín wákàtí méjì ààbọ̀. LED mẹ́jọ oní-9 jẹ́ 72 wáàtì; wọ́n á jẹ́ kí ẹ dé wákàtí 16, ẹ sì mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀ fún ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó fẹ́ ra bátìrì kejì nítorí pé iná rẹ̀ kì í mọ́jú, kó kọ́kọ́ wo òrùlé rẹ̀. Gílóòbù mẹ́jọ lè gbà á lọ́wọ́ owó bátìrì.

Ti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀. Bẹntiróòlù kò ní dín kù ní ìwọ̀n tí wáàtì fi dín kù, torí ẹ̀ńjìnnì ń mu epo kó lè máa yí nìkan. Ohun tí LED máa ṣe fún yín ni pé jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn, tí kò lè gbé gílóòbù ilé pẹ̀lú fíríìjì tẹ́lẹ̀, lè wá gbé e.

LED tó ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí a ti pa á

Ẹ óò rí èyí, pàápàá nínú ilé tó ti pẹ́. Ẹ pa suwíìṣì, LED ṣì ń tàn díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ má kàn kọjá lára rẹ̀, ẹ má sì rò pé gílóòbù ló bàjẹ́. Nígbà mìíràn, iná kékeré tó wà lára suwíìṣì ló fà á, ìyẹn kò léwu. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹni tó wáyà ilé náà gba suwíìṣì lórí wáyà níútíráà dípò láìfù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iná wà ní ẹnu sáákẹ́ẹ̀tì gílóòbù ní gbogbo ìgbà, bí ẹ tilẹ̀ pa suwíìṣì, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè gan mọ́ ọn. Yẹ́lò kì í tàn nínú irú iná díẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Ẹ pa iná ilé pátápátá láti mítà, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó tún gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù.

Ibi tí yẹ́lò ti ṣì wúlò, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí èyí tí ẹ yọ

Ẹni tó ń sin òròmọdìẹ, kó má fi LED rọ́pò yẹ́lò nínú ilé wọn. Ooru tí à ń bú lójú ìwé yìí ni àwọn òròmọdìẹ ń wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, LED kò sì lè fún wọn. Bí ẹ bá ní yẹ́lò tó ṣì ń jó, tí ẹ sì mọ ẹnì kan tó ń sin adìẹ, ẹ fún un. Èyí tó ti kú kò ní mẹ́kúrì nínú. Ẹ fi bébà wé e kí gíláàsì rẹ̀ má gé akólẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ́nájì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ó bá fọ́ nínú yàrá, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pa fáànù, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ fi yàrá sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, torí á tú u ká. Páálí líle méjì ni kí ẹ fi kó àfọ́kù rẹ̀, kí ẹ fi bébà tútù nu èyí tó bá kù, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tàbí ike tó ní ìdérí, kí ẹ sì dé e pa. Ẹ fọ ọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sun ún mọ́ pàǹtírí ní ẹ̀yìnkùlé, torí èéfín rẹ̀ ni mẹ́kúrì náà á bá jáde.